Igi pépà, férémù, kílíìpù àbí pátákó: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ fi máa di ìwé ìròyìn yín mú?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń ka pépà gidi, èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ ṣí i tán, apá yín méjèèjì á nà jáde, igun òkè á tẹ̀ wá síwájú, á dojú bolẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì ní kẹ́ ẹ ṣí ojú ìwé tó kàn, abala tó wà láàárín á yọ́ bọ́ sílẹ̀, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó padà. Kì í ṣe pé ẹ ò mọ̀ ọ́n dì mú o. Ọ̀pọ̀ pépà ni kò ní gọ́ọ̀mù, kò sì ní wáyà lẹ́yìn bíi ti mágásíìnì, ńṣe ni wọ́n kàn ká àwọn abala yẹn sínú ara wọn, ìwé ọ̀hún sì fẹ́lẹ́ gan-an, bẹ́ ẹ bá gé e ní mítà kan lóròó, mítà kan níbùú, kò ju nǹkan bíi gíráàmù 45 lọ, nígbà tí ìwé tá a fi ń tẹ lẹ́tà ní ọ́fíìsì máa ń tó 80. Báwo ló ṣe fẹ́ dá dúró?

Bàbá mi ló jẹ́ kí n wọ ọ̀rọ̀ yìí. Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń ka pépà, nígbà tó wá di pé ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo rí i pé wọn ò kà á parí mọ́, wọ́n á ka iwájú, wọ́n á ka ẹ̀yìn, wọ́n á gbé e sílẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra oríṣiríṣi ohun ìdìmú, mo ń gbé wọn síra, èmi náà ń fi wọ́n ka tèmi. Ohun kan tí mo rí níbẹ̀ táwọn tó ń tà á kì í sọ ni pé gbogbo wọn ló ń di pépà mú lóòótọ́, àmọ́ ibi tí ẹrù ẹ̀ ń bọ́ sí lára èèyàn yàtọ̀ síra, òun ló sì máa sọ bóyá ẹ máa lò ó àbí ẹ máa gbé e kọ́ sára ògiri.

Ẹ kọ́kọ́ wọn pépà yín

Mo mọ̀ pé ibí yìí lọ̀pọ̀ máa fò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fò ó. Igi ni o, kílíìpù ni o, ẹ̀yìn pépà ló ń dì mú, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ká a, torí náà gíga ojú ìwé lẹ máa wọ̀n, kì í ṣe fífẹ̀ ẹ̀. Sáìsì mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èyí tó tóbi jù, tí wọ́n ń pè ní broadsheet, ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60. Berliner jẹ́ 47. Tabloid jẹ́ nǹkan bíi 43. Ẹ má sì rò pé sáìsì pépà tẹ́ ẹ ń kà ò lè yí padà, The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí i lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n kúrò ní broadsheet bọ́ sí Berliner lọ́dún 2005, nígbà tó di 2018 wọ́n tún bọ́ sí tabloid, ẹni tó bá ti ra igi tó bá broadsheet àtijọ́ mu gẹ́lẹ́, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17 igi yẹn ni ò ní rí nǹkan kan dì mú báyìí, á kàn máa gbá orúnkún rẹ̀ ni.

Ìwúwo náà ńkọ́? Mo jókòó ṣe ìṣirò ẹ̀. Tabloid olójú ìwé 48, abala méjìlá ni, gbogbo ẹ̀ pọ̀ ò ju nǹkan bíi gíráàmù 130 lọ. Broadsheet olójú ìwé 40 máa súnmọ́ 200. Bí wọ́n bá wá kọ ọ́ sára ohun ìdìmú kan pé ó wọn gíráàmù 350, ẹ ti ń gbé nǹkan bí ìlọ́po méjì pépà kún pépà nìyẹn, ẹ sì fẹ́ gbé e fún wákàtí kan.

Igi gígùn

Èyí lọ̀pọ̀ mọ̀. Ọ̀pá páńkó kan ni, wọ́n là á sí méjì láti orí dé ibi èèkù, ẹ̀yìn pépà á wọ àárín ẹ̀, ẹ wá pa á dé. Àwọn kan ní rọ́bà òrùka tẹ́ ẹ máa fà wálẹ̀, àwọn kan ní síkúrù pẹ̀lú nọ́ọ̀tì elétí méjì. Ibi téèyàn ti máa ń rí irú ẹ̀ jù ni ilé kọfí Vienna ní Austria, níbi tí pépà ti máa ń wà ní kíkọ́ kí ẹni tó bá jókòó lè mú un kà (àṣà ilé kọfí wọn yẹn ti wà nínú àkójọ ohun àjogúnbá Austria fún UNESCO láti 2011), àti ní àwọn láíbìrì.

Ibi tó ti wá yẹn ló ṣàlàyé gbogbo ìwà ẹ̀. Ibi tí ogún èèyàn ti ń ka pépà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún, kó má bàa tú ká, kó ṣeé fi kọ́, kí ẹnì kan má sì ká a sápò lọ. Ní ti ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè bá a díje. Àmọ́ ní ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo lórí àga, ẹ wò ó báyìí: ìdí igi lẹ di mú, pépà wà lókè láti ibẹ̀ lọ, àárín ẹrù yẹn jìnnà sí ọrùn ọwọ́ yín tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Ó dà bí ìgbà téèyàn di ìdí ọ̀pá mú tí wọ́n so nǹkan mọ́ àárín ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ò ní ṣe yín nǹkan kan, tó bá di ogún ìṣẹ́jú ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá tábìlì tẹ́ ẹ máa fi ìdí ẹ̀ tì. Bẹ́ ẹ bá ti ní tábìlì tàbí apá àga tó le, igi dáa gan-an, kò tún sí wàhálà.

Rọ́bà àbí nọ́ọ̀tì? Rọ́bà yá jù, ọwọ́ kan ti tó, ṣùgbọ́n kì í fún pépà tó nípọn dáadáa. Nọ́ọ̀tì máa ń fún un pinpin, àmọ́ ó gba ìka méjì tó lágbára, tó bá sì jẹ́ irin tó lè dípẹtà, á fi àmì pupa sára ìwé. Méjèèjì ló tún ní àléébù kan: wọ́n máa ń jẹ etí ìwé tó wà nínú. Tó bá ti fún ẹ̀yìn pépà tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì, ìlà ọ̀rọ̀ tó súnmọ́ ibi ìká yẹn máa wọlé lọ, ẹ máa wá fi ìka fà á jáde kẹ́ ẹ tó rí lẹ́tà tó kẹ́yìn. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, wọn ò tiẹ̀ fi sáńpépà ha inú ẹ̀, ó ya ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi ìka yín tọ inú ibi tí wọ́n là yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó, tí kò bá dán, ẹ dá a padà.

Igi tó ní wáyà nínú

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn igi, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn ò bèèrè ẹ̀. Dípò kó fún ẹ̀yìn pépà pa, ó ní wáyà irin tín-ín-rín bíi mélòó kan, ẹ máa ṣí pépà sí àárín gbùngbùn, ẹ fi wáyà kan lé ibi ìká, ìpín míì gba wáyà tiẹ̀. Kò sí ohun tó ń jẹ etí ìwé, ẹ máa rí gbogbo ọ̀rọ̀, ṣíṣí ojú ìwé náà rọrùn torí pé ńṣe ló ń yí lórí wáyà. Pépà tó ní ìpín púpọ̀ ló yẹ jù lọ. Ibi tó kù sí ni abala tí kò ní ìkejì, ìyẹn ewé kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń kì sáàárín nígbà míì, wáyà ò lè mú un, á já bọ́. Igi onírọ́bà máa mú un. Tó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ka pépà tín-ín-rín, àkókò tó fi ń to wáyà yẹn láràárọ̀ á sú u.

Férémù àti kílíìpù

Férémù ni igi tí wọ́n tẹ̀ roboto tàbí gígùn, pẹ̀lú ọ̀pá kan láàárín tó ń di pépà mú, èèkù wà nísàlẹ̀. Ó rẹwà. Ó ṣe é kọ́ bí àwòrán. Iṣẹ́ tó ń ṣe ju ti igi lọ ni pé nǹkan wà lẹ́yìn ìwé, kì í dojú bolẹ̀, atẹ́gùn ò sì lè gbé e bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹni tó bá ń jókòó síta kàwé máa mọyì ẹ̀. Àmọ́ ìwúwo ẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ, mi ò ní fún àgbàlagbà.

Kílíìpù ọlọ́wọ́ ní tiẹ̀ kúrú, ike tàbí alumíníọ́ọ̀mù ni, ó máa gán ẹ̀yìn pépà ní àárín, èèkù ẹ̀ sì wà níbi tó gán an yẹn gan-an. Ẹ rí nǹkan tíyẹn ṣe? Ọwọ́ yín wà níbi tí ẹrù wà. Kò sí ọ̀nà jíjìn kankan láàárín wọn, ọrùn ọwọ́ ò ní dùn yín, mo ti fi ka tabloid láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí ìdúró, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé broadsheet sí i, òkè àti ìsàlẹ̀ á rọ wálẹ̀ bí etí ehoro torí kò sí nǹkan kan tó gbé e ró níbẹ̀. Nítorí náà tabloid: kílíìpù. Broadsheet: igi, kẹ́ ẹ sì wá tábìlì sí i. Berliner wà láàárín, ẹ lè fi kílíìpù kà á tẹ́ ẹ bá rí èyí tí ẹnu ẹ̀ gùn díẹ̀, kó tó sẹ̀ǹtímítà 20 ó kéré tán. Ẹ wo sípíríǹgì ẹ̀ náà, tó bá le jù, àtàǹpàkò yín máa sọ fún yín.

Pátákó, àti ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n

Pátákó ni èyí tó ní kílíìpù lórí, ẹ ká pépà sí méjì, ẹ fi há a. Òun nìkan lẹ lè kọ nǹkan lé lórí, torí náà ẹni tó ń ṣe eré ọ̀rọ̀ inú pépà (crossword), kò yẹ kó wo ìkankan mọ́. Àmọ́ ṣíṣí ojú ìwé lórí ẹ̀ máa ń gba àkókò, ẹ máa yọ ọ́, ẹ máa tún un ká, ẹ máa há a padà.

Ní ti àgbàlagbà tàbí ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ò lágbára, tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ ọ́ pé kẹ́ ẹ má ra èyí tó ń gbé lọ́wọ́ rárá. Mo ra mẹ́ta fún bàbá mi kí n tó gbà. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ò lè dúró torí pé ẹ fún un ní igi, ńṣe ni igi ń mú gbígbọ̀n yẹn tóbi sí i, kí ọwọ́ mì díẹ̀ nísàlẹ̀, orí igi ti lọ, ó ti bọ̀, lẹ́tà ò dúró lójú kan. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pátákó tó dá dúró lórí tábìlì tàbí lórí itan, tó ní ẹsẹ̀ lẹ́yìn àti etí nísàlẹ̀ tí pépà máa jókòó sí, kò sí ọwọ́ kankan nínú ẹ̀. Bàbá mi ti padà sí kíka gbogbo ẹ̀ báyìí, títí dé ojú ìwé ìpolówó.

Ọ̀rọ̀ íǹkì

Íǹkì pépà lọ́pọ̀ ìgbà kì í gbẹ bíi ti ìwé mìíràn, epo inú ẹ̀ ló ń wọnú ìwé, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ra mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ohun ìdìmú máa dín in kù torí pé igun nìkan lẹ máa fọwọ́ kàn. Àmọ́ íǹkì yẹn náà máa lọ sára igi, páńkó funfun tí wọn ò kùn máa dúdú láàárín oṣù díẹ̀, ike àti alumíníọ́ọ̀mù lẹ kàn máa fi ákísà tútù nù. Tó bá jẹ́ páńkó, ẹ ra èyí tí wọ́n ti kùn ní fánísì, kó sì gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó lò ó.

Tó bá sì jẹ́ onírọ́bà lẹ fẹ́, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń ta òrùka rọ́bà ẹ̀ lọ́tọ̀, torí rọ́bà máa ń gbẹ, á sán, á já, igi á sì wà bó ṣe wà. Èmi ti ra mẹ́rin pa mọ́.