Wẹ́dà Láfẹ́nwá tó ṣe irin ìsọ̀ mi

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Wẹ́dà tó kọ́kọ́ ṣe irin tí mo ń fi aṣọ kọ́, ojú lásán ló fi wọ̀n ọ́n. Kò pé oṣù kan tí irin fì sápá kan, gbogbo kàm̀pálà mi dà sínú ẹrẹ̀.

Oníbàárà mi kan ló júwe ọmọkùnrin kan fún mi ní Láfẹ́nwá. Kò tíì dá owó lé e tó fi gbé bírò, ó ya irin náà sínú ìwé, ó kọ gígùn rẹ̀ síbẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 6, ó wá bi mí pé aṣọ mélòó ló máa gbé. "Màmá, ẹ jẹ́ ká fẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀ sí i. Tí òkè bá wúwo jù ú lọ, á tún dojú dé."

Mo ní níbo lo ti kọ́ṣẹ́? Ó ní tẹ́kíníkà Ìdí-Abà ni, kóun tó lọ sin ọ̀gá fún ọdún méjì. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ nìyẹn, ọwọ́ gómìnà ló wà. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ̀rọ̀ ẹ̀? Lọ́dún 2017 tí ìjọba Amosun, gómìnà wa nígbà yẹn, ní MAPOLY, pólì ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta níbí, máa di yunifásítì, a jiyàn ẹ̀ nísọ̀ wa títí ọ̀fun fi gbẹ, kí Dapo Abiodun tó gbapò lọ́wọ́ ẹ̀ tó dé tó ní kó máa jẹ́ pólì lọ. Èmi ò gbọ́ kẹ́nì kan jiyàn lórí tẹ́kíníkà rí. Ẹ̀rọ ìránṣọ làwọn olóṣèlú mọ̀ ọ́n pín, tòun ti fọ́tò wọn lára ẹ̀. Ẹni tí ò mọ aṣọ rán á tà á kílẹ̀ tó ṣú.

Ẹgbẹ̀rún márùnlélọ́gọ́ta náírà ló gbà, kò sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó fi ọjọ́ mẹ́rin pẹ́, ó ní NEPA ni, jẹnẹrétọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níbẹ̀! Kò ságà tí èèyàn lè jókòó sí. Ẹ má gbé ọmọ lọ o, iná wọn ò dáa fójú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lo awò dúdú, mi ò rírú ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́.

Oṣù mẹ́jọ rèé, irin ò mì. Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un, ọjọ́ mẹ́rin yẹn ló gbé ìkan lọ. Ọmọ mi kejì tó bá mi gbé e wálé ti ń sọ pé Ìdí-Abà lòun náà fẹ́ lọ. Bàbá ẹ̀ ní yunifásítì ni.