Tákàdá 300 g fún káàdì ọ̀dà olómi: àgbéyẹ̀wò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ

Bí ẹ bá béèrè tákàdá ìyàwòrán lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àpò pelebe táwọn ọmọ iléèwé ń lò ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín, 180 g tàbí 224 g (ìyẹn ìwọ̀n tákàdá tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó, ní gíráàmù). Ó dáa fún pẹ́ńsùlù. Fún ọ̀dà olómi, ẹ dá a padà: bí omi bá ti kàn án, á ká bí ewé gbígbẹ, gbogbo ọ̀dà á sì wọ́ lọ sínú kòtò àárín rẹ̀.

Èyí tí mò ń gbé yẹ̀wò ni ti A4, 300 g, tí wọ́n kọ «aquarelle» (ọ̀dà olómi) àti «grain fin» (ojú tó rí gbàgun-gbàgun díẹ̀) sí lẹ́yìn, irú èyí tí wọ́n fi igi ṣe. Ojú rẹ̀ yìí tó láti di ọ̀dà mú, kò sì ní kọ́ gègé lẹ́sẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kọ «Ẹ kú ìyèdún». Àṣìṣe kì í pa á: ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tútù ra ojú ibẹ̀, ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́, ọ̀dà á ṣí.

Àléébù rẹ̀ nìyí. Kò fẹ́ àfọwọ́rà púpọ̀. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá gba ojú kan kọjá lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tó ṣì tutù, ojú tákàdá á máa họ, horo kéékèèké á máa yí lábẹ́ irun búrọ́ọ̀ṣì, ibi tó họ yẹn á sì mu ọ̀dà ju ibi tó kù lọ, á dúdú. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó padà sí i. Ó sì ń tètè gbẹ, àgàgà nígbà ọyẹ́. Ẹ fi omi lásán ra á lẹ́ẹ̀mejì kí àwọ̀ tó kàn án.

Tákàdá tí wọ́n fi òwú ṣe, bíi Arches tí wọ́n ń ṣe ní Faransé, kì í yára gbẹ, àwọ̀ méjì á ráyè wọnú ara wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, ọwọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ á sì máa gbọ̀n lórí rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Ẹ má ṣe ká 300 g yìí láti fi ṣe káàdì: ojú ibi tí ẹ ká á máa ń sán. Ẹ gé A4 kan sí mẹ́rin, ẹ tún gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí sẹ̀ǹtímítà 9,5 sí 13,8. Ẹ fi téèpù lẹ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ pátákó kí ẹ tó yàwòrán. Ẹ má ṣí i títí yóò fi gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á lọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ká A5 bristol (tákàdá líle tí ojú rẹ̀ ń dán) sí méjì, ẹ lẹ àwòrán mọ́ iwájú rẹ̀. Ó wọ àpòòwé sẹ̀ǹtímítà 11,4 sí 16,2 gẹ́ẹ́. Bí àwòrán bá bàjẹ́, ègé kékeré kan péré ló ṣòfò.

Ọ̀rinrin ọ̀sà wa kò bá a rẹ́, ó ń ba gọ́ọ̀mù inú tákàdá jẹ́, èyí tí kì í jẹ́ kó mu omi lójú ẹsẹ̀. Inú ọ̀rá tí ẹ dì pa ni kí ẹ máa kó o sí. Èyí tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ kán omi kan sí igun rẹ̀: bí ó bá mu ún lójú ẹsẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì rin, ẹ fi í dán àwọ̀ wò, ẹ má fi ṣe káàdì.