Àgbéyẹ̀wò lẹ́ǹsì Canon EF 50mm f/1.8 STM: torí ìmọ́lẹ̀ ni kó o ṣe rà á, àmọ́ f/2.8 ni kó o máa fi yà á

Lẹ́ǹsì yìí kì í ṣe tuntun. Ọdún 2015 ni Canon gbé e jáde láti rọ́pò EF 50mm f/1.8 II tó ti wà lórí àtẹ láti 1990. Síbẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ràn fọ́tò yíyà bá bi mí pé lẹ́ǹsì wo ló yẹ kóun rà lẹ́yìn èyí tó bá kámẹ́rà òun wá, òun ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Àmọ́ mi ò ní ṣàì fi kún un pé kó má rò pé f/1.8 ni yóò máa lò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. (Nọ́ńbà f ló ń sọ bí ojú lẹ́ǹsì ṣe là tó: bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ojú ṣe máa là tó.)

Ó fúyẹ́ gan-an, nǹkan bíi 160 gíráàmù. Ike ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n irin ni ìdí rẹ̀ tó ń wọ ara kámẹ́rà. Ike ni ti àtijọ́ yẹn. Fíltà 49mm ló ń wọ̀ ọ́. Kò ní súùmù, kò sì ní ohun tó ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù. Lórí kámẹ́rà full frame (èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ohun tó ń gba àwòrán, tóbi tó fíìmù 35mm), ohun tó ń rí kò fẹjù, kò sì há jù. Lórí kámẹ́rà APS-C ti Canon, tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré sí ìyẹn, ṣe ló máa ń rí bíi lẹ́ǹsì 80mm, ibẹ̀ ló sì yẹ kéèyàn ti ronú kó tó rà á. Bó o bá fẹ́ ya ẹni tó dúró látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tó o sì dá kámẹ́rà dúró lóòró, ó máa gbà ọ́ ní nǹkan bíi mítà 4.5 sẹ́yìn lórí APS-C. Lórí full frame, mítà 2.8 ti tó. Yàrá kékeré kì í gba mítà 4.5, nítorí náà bó bá jẹ́ pé inú ilé lo ti sábà ń ya àwùjọ èèyàn, lẹ́ǹsì yìí kọ́ lo nílò.

Ìmọ́lẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Lẹ́ǹsì 18-55mm tó sábà máa ń bá kámẹ́rà wá, bó o bá fà á dé 55mm, f/5.6 ni ojú rẹ̀ lè là mọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba f/1.8 wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po 10 ti f/5.6. Nínú yàrá tí gílóòbù kan ṣoṣo ń tàn sí, níbi tí lẹ́ǹsì àkọ́kọ́ yẹn ti máa fipá mú ọ gbé ISO (bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí) dé 6400, èyí á jẹ́ kó o lo ISO 640 láìyí ìyára ṣọ́tà (bí ìlẹ̀kùn kékeré iwájú sẹ́ńsọ̀ ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé) padà rárá. Ní 6400 lórí kámẹ́rà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, awọ ojú á rí bí ìgbà tí wọ́n da iyanrìn sí i, irun orí á sì lẹ̀ pọ̀ di ohun kan. Ní 640, fọ́nrán irun ìpéǹpéjú á hàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń mú káwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ṣí i sí f/1.8 kí wọ́n sì fi í síbẹ̀, tí wọ́n á wá máa sọ pé lẹ́ǹsì náà kì í yàwòrán tó mọ́. Lẹ́ǹsì kọ́ ló fà á. Ká ní o dúró ní mítà 1.5 sí ẹni tó ò ń yà lórí APS-C: ní f/1.8, gbogbo ibi tó máa mọ́ kedere látiwájú dé ẹ̀yìn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Bó bá yí orí díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú kan á mọ́, ojú kejì á ti ń ṣú, etí á sì ti lọ pátápátá. Ní f/2.8, ibi tó mọ́ á tó sẹ̀ǹtímítà 9 àtààbọ̀, èyí tó gba ojú méjèèjì àti imú. Ní f/4, ó ti ń lọ sí 14. Bó o bá wá sún mọ́ nǹkan dé ibi tí agbára lẹ́ǹsì náà mọ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 35, mìlímítà 2 tàbí 3 péré ló máa mọ́ ní f/1.8. Kéèyàn kàn mí báyìí, fókọ́ọ̀sì (ibi tí lẹ́ǹsì mú kó mọ́) ti yẹ̀ nìyẹn. Fún òdòdó tàbí kòkòrò ní irú ibi tó sún mọ́ bẹ́ẹ̀, f/8 ni kó o bẹ̀rẹ̀ láti máa gbìyànjú.

Yàtọ̀ sí pé ibi tó mọ́ máa ń tín-ínrín, gíláàsì náà fúnra rẹ̀ kì í múná tó ní f/1.8. Etí ẹ̀ka igi tó dúró níwájú ojú ọ̀run tó funfun á ní ilà àwọ̀ elésè-àlùkò tàbí àwọ̀ ewé lára, igun mẹ́rin fọ́tò á sì ṣókùnkùn díẹ̀ lórí full frame. Dé f/2.8, púpọ̀ nínú èyí á ti lọ. Láàárín f/4 sí f/8 ló máa ń mọ́ jù, ní f/16 ó á ti máa rọ̀ padà. Èmi kì í lò ó ní f/1.8 àyàfi bí ìmọ́lẹ̀ kò bá sí rárá, tàbí bí mo bá fẹ́ kí iná tó wà lẹ́yìn di róbótó ńláńlá. Awẹ́ pẹlẹbẹ 7 ló ń pa ojú lẹ́ǹsì náà dé, wọ́n sì ṣe etí wọn ní ọ̀nà tí iná ẹ̀yìn fi ń rí róbótó títí dé nǹkan bíi f/2.8. Bó o bá pa á dé f/11 tàbí f/16 lálẹ́, iná òpópónà kọ̀ọ̀kan á yọ ìtànṣán 14, ó sì máa ń dùn ún wò.

Bí mo ṣe ń tò ó fún ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nìyí. Fi kámẹ́rà sí Av (níbi tí ìwọ ti ń yan ojú lẹ́ǹsì, tí kámẹ́rà ń yan ìyára ṣọ́tà), fi ojú lẹ́ǹsì sí f/2.8. Jẹ́ kí ISO máa yí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ APS-C, sọ fún kámẹ́rà pé ìyára ṣọ́tà kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju 1/125 ìṣẹ́jú àáyá lọ, torí pé kò sí ohun tó ń bá ọ mú un dúró. Ọmọdé tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ nílò 1/250, ó kéré tán. Yan àmì fókọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, má jẹ́ kí kámẹ́rà bá ọ yàn án, kó o gbé àmì náà lé ojú tó sún mọ́ ọ jù. Má ṣe mú fókọ́ọ̀sì ní àárín kó o tó wá yí kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí ibi tó mọ́ bá tín-ínrín tó bẹ́ẹ̀, yíyí yẹn nìkan ti tó láti gbé fókọ́ọ̀sì kúrò lójú lọ sí etí. Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́, One Shot (kámẹ́rà á mú fókọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan, á sì dúró síbẹ̀). Ẹni tó bá ń rìn, AI Servo (fókọ́ọ̀sì á máa tẹ̀ lé e).

Bó o bá ṣe gbogbo èyí tán tí fókọ́ọ̀sì sì ń yẹ̀ sí apá kan náà nígbà gbogbo, ó lè jẹ́ pé kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì kò gbọ́ra wọn yé. DSLR, ìyẹn kámẹ́rà tó ní dígí nínú, máa ń fi sẹ́ńsọ̀ mìíràn wá fókọ́ọ̀sì, kì í ṣe èyí tó ń ya fọ́tò, àwọn méjèèjì sì lè ṣì ara wọn. Tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, gbé kámẹ́rà lé tripod (ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta) kó máa wò ó ní ìdábùú bíi ìwọ̀n 45, kó o fàlà sábẹ́ ìlà kan láàárín ojú ìwé. Ní f/1.8, mú fókọ́ọ̀sì sórí ìlà yẹn láti ihò tí à ń yọjú wò, kó o yà á. Lẹ́yìn náà, ṣí Live View (èyí tó ń fi àwòrán hàn lójú ẹ̀yìn kámẹ́rà), mú fókọ́ọ̀sì síbi kan náà, kó o tún yà á. Gbé méjèèjì tóbi lójú kámẹ́rà. Bí ti Live View bá mọ́ lórí ìlà tó o fàlà sí, tí ti àkọ́kọ́ sì mọ́ sókè tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, o ti rí ibi tó ti ń yẹ̀. Àwọn kámẹ́rà tó ga díẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, AF Microadjustment ni wọ́n ń pè é. Èyí tí kò bá ní in, Live View ni kó o máa lò fún ohun tó bá ṣe pàtàkì. Àwọn tí kámẹ́rà wọn kò ní dígí kì í bá irú èyí pàdé.

Nínú oòrùn gangan, f/1.8 kì í ṣeé lò. Ní ISO 100, ìyára ṣọ́tà tó máa nílò tó 1/8000, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kámẹ́rà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í kọjá 1/4000; ohun tó bá funfun á wá funfun jù, kò sì ní sí ohun tó hàn lára rẹ̀ mọ́. Pa á dé f/2.8 tàbí kó o ra fíltà ND8 (gíláàsì tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù) tó jẹ́ 49mm.

Òrùka fókọ́ọ̀sì rẹ̀ kò so mọ́ gíláàsì tààrà, iná mànàmáná ló ń gbé e. Bí kámẹ́rà bá ti sùn, wàá máa yí òrùka náà lásán. Tẹ bọ́tìnì tá a fi ń ya fọ́tò dé ìdajì kó jí. Mọ́tò STM tó ń gbé fókọ́ọ̀sì dákẹ́ ju ti àtijọ́ lọ, àmọ́ ó ṣì ń kùn díẹ̀, ẹ̀rọ agbóhùn inú kámẹ́rà á sì gbọ́ ọ nínú fídíò.

Bó bá ń wo ohun tó sún mọ́ ọn, páìpù inú rẹ̀ máa ń yọ síta. Ibẹ̀ ló gbẹgẹ́ sí jù. Kó o tó pa kámẹ́rà, mú fókọ́ọ̀sì sórí ohun tó jìnnà kí páìpù náà wọlé, kó o tó kì í sínú báàgì. Hóòdù ES-68, ìbòrí tó ń wọ ẹnu lẹ́ǹsì, kì í bá a wá nínú páálí, ṣùgbọ́n mo gbà ọ́ níyànjú pé kó o rà á. Ó ń dí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́, òun ló sì máa kọ́kọ́ gba ìkọlù.

Ẹni tó fẹ́ fi í ya nǹkan kéékèèké lè fi òrùka aláfo (extension tube) sáàárín lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà. Èyí tó ní ẹnu iná ni kó rà. Èyí tí kò ní i kò ní jẹ́ kí iná kámẹ́rà dé ọ̀dọ̀ lẹ́ǹsì náà, kò ní lè mú fókọ́ọ̀sì, kò sì ní lè pa ojú rẹ̀ dé.

Ẹni tó bá ń lo EOS R, kámẹ́rà Canon tí kò ní dígí, lè fi adapter EF-EOS R (òrùka tó ń so lẹ́ǹsì EF mọ́ ọn) wọ̀ ọ́, ohun gbogbo á sì ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí o kò bá tíì ní in, RF 50mm f/1.8 STM ti 2020 ni kó o rà: kò nílò adapter, ó sì ń sún mọ́ nǹkan dé sẹ̀ǹtímítà 30. Rántí pé fíltà 43mm ni tiẹ̀.

Bó bá jẹ́ àlòkù lo fẹ́ rà, tan tọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀ kọjá látẹ̀yìn. Eruku díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó bá rí bí òwú aláǹtakùn jẹ́ olú tó ti hù lórí gíláàsì, má rà á. Fi í sára kámẹ́rà, mú fókọ́ọ̀sì láti ibi tó sún mọ́ dé ibi tó jìnnà léraléra, kó o máa tẹ́tí sí i. Bí páìpù iwájú bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, tàbí tó ń há bó ṣe ń wọlé tó ń jáde, ó ti já bọ́ rí nìyẹn. Dá a padà fún ẹni tó ń tà á.