Renkóòtù gbọọrọ àbí ẹlẹ́wù-àti-ṣòkòtò: èwo ló dáa lórí ọ̀kadà?

Renkóòtù gbọọrọ yẹn, kíá lèèyàn ń gbé e wọ̀ tójò bá ká a mọ́ Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, owó ẹ̀ náà ò pọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti sáré díẹ̀ báyìí atẹ́gùn á kó sínú ẹ̀, á wú sókè, etí ẹ̀ sì lè kọ́ ṣéènì, ìyẹn gan-an lèmi ń bẹ̀rù. Ẹlẹ́wù-àti-ṣòkòtò ni tèmi, bó tiẹ̀ wọ́n jù. Lóòótọ́ ó máa ń pẹ́ kéèyàn tó wọ̀ ọ́ tán, ooru inú ẹ̀ náà kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n orúnkún ò ní tutù. Ẹ ṣáà yẹ ojú rírán tó wà láàárín itan wò kẹ́ ẹ tó sanwó, ibẹ̀ lomi máa ń gbà wọlé, tí wọn ò bá lẹ téèpù mọ́ ọn nínú, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn jàre. Ẹ má sì jẹ́ kó kan sàlẹ́ńsà, páìpù èéfín ọ̀kadà tó máa ń gbóná yẹn o, á yọ́ ni.