Gbọ̀ngàn rìhásà kan lọ́nà Ọ̀bà-Ilé: ògiri rẹ̀ dára, ohùn inú rẹ̀ kò dára

Gbọ̀ngàn yìí wà lọ́nà Ọ̀bà-Ilé, bí èèyàn bá ti ń jáde nígboro Àkúrẹ́. Torí ìgbéyàwó àti ìpàdé ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ tí òde kò sí, wọ́n ń háyà rẹ̀ fún àwọn òṣèré. Ẹgbẹ́ tó ti ní ìwé eré lọ́wọ́ lè ṣe rìhásà lábẹ́ igi máńgòrò, kò sóhun tó ń dà á láàmú. Àwọn tó ń ṣe eré àjùmọ̀dá la torí wọn kọ èyí, eré tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, tí gbogbo ẹgbẹ́ jọ ń hun láti inú orin kan, ìròyìn kan tàbí àga kan ṣoṣo. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Nínú ẹgbẹ́ Hubert Ogunde àti àwọn ẹgbẹ́ eré tó tẹ̀ lé e, orin ni wọ́n sábà máa ń kọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu, òṣèré ló ń gbé e kalẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí ìtàn tí ọ̀gá ti là sílẹ̀.

Inú gbọ̀ngàn náà gùn tó mítà 10, ó sì fẹ̀ tó mítà 8, kò sí òpó kankan láàárín. Òṣèré 12 lè máa sáré káàkiri nínú rẹ̀ láìkọlu ara wọn. Bí wọ́n bá ti lé ní 15, wọ́n á máa fi ìgúnpá gbá ara wọn.

Ògiri ló wù wá jù. Ọ̀kan nínú àwọn ògiri gígùn náà kò ní fèrèsé, ọ̀dà tí kì í dán ni wọ́n sì fi kùn ún. Ẹni tí kò bá ṣe eré àjùmọ̀dá rí lè máa wò ó pé kí lèyí já mọ́. Níbi tí kò ti sí ìwé eré, ògiri ni ìwé. Gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ bá dá lọ́jọ́ kan, wọ́n á fún un lórúkọ, wọ́n á kọ orúkọ náà gàdàgbà sórí kádíbọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ẹni tó wà nínú rẹ̀ àti bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti di 30 tàbí 40, wọ́n á máa ṣí wọn nípò, èyí tó wà níwájú á lọ sẹ́yìn, èyí tí kò bá dúró á bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún másíkíǹ tépù. Bó bá sùn mọ́jú lára ògiri nínú ooru, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á dì mọ́ ọ̀dà, bí ẹ bá wá fà á, á ká ọ̀dà bọ̀, wọ́n á sì yọ owó rẹ̀ nínú kọ́ṣọ̀n fíì yín. Okùn ni kí ẹ ta láti igun kan dé ìkejì, kí ẹ fi pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ kọ́ ìwé sí i. Páálí pẹ́ẹ̀gì méjì tó.

Ilẹ̀ ńkọ́? Táìlì tó ń dán ni, lórí kankéré. Kò rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rárá. Eré tó bá ní fífò àti ṣíṣubú nínú, ojúgun á bẹ̀rẹ̀ sí í dun àwọn òṣèré láàárín ọjọ́ mélòó kan, bí òógùn bá sì kán sí i, yíyọ̀ ni. Wọ́n ní fóòmù onígun mẹ́rin tó ń há mọ́ra, sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60, ẹyọ 60. Ìyẹn tó bí mítà 4 ààbọ̀ níhà kọ̀ọ̀kan, kò bo ìdajì ilé. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tútù nu táìlì, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó tẹ́ fóòmù náà, torí eruku abẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́ kó máa sáré. Ẹ lẹ tépù mọ́ ojú ìpàdé wọn láti ìsàlẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á là bí ẹnìkan bá yí ẹsẹ̀.

Ibi tí gbọ̀ngàn yìí ti kùnà ni ohùn. Ẹ dúró láàárín, kí ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo: ohùn náà á ṣì máa dún lọ fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó kú. Táìlì nílẹ̀, ògiri líle tó kọjú síra, síílìn pẹrẹsẹ, kò sí ohun rírọ̀ kan tó lè gbé ohùn mì. Ẹni kan tó ń sọ̀rọ̀ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ nínú eré àjùmọ̀dá, èèyàn mẹ́rin lè jọ máa dá ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ẹ ó sì gbọ́ ni rúdurùdu. Fóònù tí ẹ fi ń ká ohùn sílẹ̀, tí ẹ ó padà gbọ́ kí ẹ lè mú ọ̀rọ̀ tó dára nínú rẹ̀, kò ní wúlò.

Ó ní àtúnṣe. Ẹ ta kọ́tìnì tó wúwo tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì sí ògiri méjì tó fẹ̀gbẹ́ kanra, kì í ṣe méjì tó kọjú síra, torí bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó fi dá ohùn tó ń ta padà dúró níhà méjèèjì. Kí aṣọ náà fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ibi tí ẹ fẹ́ bò, kó lè ṣẹ́po, kó sì jìnnà sí ògiri tó bí ìbú àtẹ́lẹwọ́. Àǹkárá fẹ́lẹ́ kò ran nǹkan kan. Kí fóònù wà nítòsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, lórí fóòmù, kì í ṣe lórí tábìlì. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, òjò lórí páànù á tún wá ṣe tirẹ̀. Ẹ tọ́jú iṣẹ́ tí kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu, bí fífi ara ya àwòrán àti ìrìn, fún àkókò yẹn.

Epo jẹnẹrétọ̀ kò sí nínú owó tí wọ́n ń gbà. Ẹ̀rọ náà jẹ́ 2.5 kVA, kí ẹ má gbé ju wáàtì 1,800 lé e lórí: gílóòbù wáàtì 500 méjì, fáànù mẹ́rin àti sípíkà kan, ó ti tó. Bí ẹnì kan bá fi kẹ́tù omi gbígbóná sí i, á kú. Abẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn ni wọ́n gbé e sí, ariwo rẹ̀ sì pọ̀. Bí wọ́n bá gbà kí ẹ gbé e jìnnà, kí wáyà náà nípọn, kí ẹ sì tú gbogbo rẹ̀ kúrò lórí róòlù. Èyí tó bá ká jọ lè gbóná títí á fi yọ́.

Fún iṣẹ́ ọnà ìfaraṣe, níbi tí ara òṣèré fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọnà, epo pupa àti osùn ni ọ̀tá táìlì, wọ́n á wọ ojú ìpàdé rẹ̀, kò sì ní kúrò. Ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sábẹ́, ẹ má fi mọ sí ibi tí ẹ ti ń lò ó nìkan, ẹsẹ̀ ló ń gbé e káàkiri. Ẹfun kì í ṣe wàhálà, ìgbálẹ̀ ti tó. Èédú jíjó ẹ má gbé wọlé rárá: èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn lè pa èèyàn.

Wákàtí méjì méjì ni wọ́n ń tà á, ẹ má rà á bẹ́ẹ̀. Mímú ara gbóná gba bí ìṣẹ́jú 25, dídá eré gba wákàtí kan ààbọ̀, fífi ohun tí ẹ dá han ara yín àti kíkọ ọ́ sílẹ̀ gba ìyókù. Ó kéré tán wákàtí mẹ́rin. Láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ mú, torí ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, àwọn tó ń gbé àga wá fún ìnáwó á ti máa já ẹrù sílẹ̀. Ẹ béèrè yàrá kékeré tó ní kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn gbọ̀ngàn kí ẹ tó sanwó. Àwọn kan gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tí kò béèrè ń gbé fóòmù àti kọ́tìnì wọn lọ sílé lálaalẹ́.