Gálárì tí mo ti ń ra ìbòjú Mẹ́síkò: ibi tó dáa àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó

Bí ẹ bá fẹ́ máa kó ìbòjú ìbílẹ̀ Mẹ́síkò jọ, ìyẹn ojú igi tàbí awọ tí àwọn oníjó máa ń dé, bébà tí gálárì, ilé tí wọ́n ti ń ta iṣẹ́ ọnà, fi ń tẹ̀ lé ọjà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Àárín ìlú Oaxaca ní Mẹ́síkò ni àwọn tí mo ń bá ra ọjà wà, Houston níbí, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n sì máa ń fi í ránṣẹ́ sí mi. Gbogbo ìbòjú tí mo ti rà lọ́wọ́ wọn ló ní bébà tirẹ̀: abúlé tó ti wá, ijó tí wọ́n fi jó, irú igi tó jẹ́, orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Bí wọn ò bá mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò mọ̀ ọ́n. Tìtorí èyí gan-an ni mo ṣe ń padà sọ́dọ̀ wọn.

Ẹni tó bá mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nídìí òwò yìí ò ní fojú kéré bébà yẹn. Ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980, nígbà tí àwọn òyìnbó ń wá ìbòjú Mẹ́síkò lójú méjèèjì, àwọn agbẹ́gilére ìpínlẹ̀ Guerrero gbẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ fún àwọn alágbàtà: alángbá lórí imú, ejò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọn mìíràn tóbi débi pé ọrùn èèyàn ò lè gbé e jó. Wọ́n pa á láró kó lè dà bí ohun àtijọ́, àwọn alágbàtà sì hun ìtàn ijó tí ẹnikẹ́ni ò jó rí mọ́ ọn. Mùsíọ́ọ̀mù ni díẹ̀ nínú wọn gbà lọ. Àwọn kan rẹwà lóòótọ́, mi ò sì ní bu ọwọ́ tó gbẹ́ wọn kù. Yàrá ọ̀tọ̀ ni gálárì yìí kó wọn sí, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé wọn ò fi wọ́n jó rí, owó wọn sì wálẹ̀ sí ti àwọn tó ti délé ijó.

Bí ìbòjú bá dé ọwọ́ yín, ẹ yí i padà. Inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Mo ní ọ̀kan láti òkè ìpínlẹ̀ Puebla, ti ijó Moros y Cristianos, tó ń ṣàfihàn ogun àwọn Mùsùlùmí àti àwọn Kristẹni ilẹ̀ Spéènì. Ojú rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà. Nínú lọ́hùn-ún, ibi tí iwájú orí ń kàn ti dúdú, ó ń dán, òógùn ti mu ún dáadáa. Ẹni tó ń jó o ti lẹ awẹ́ aṣọ mọ́ ibẹ̀ kí igi má bàa bó o lára. Ihò okùn apá ọ̀tún ti jẹ, wọ́n wá lu òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níbi tí ọ̀dà ti ṣí lẹ́bàá etí, ẹ máa rí àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú lábẹ́, funfun sì tún wà lábẹ́ ìyẹn, torí wọ́n máa ń tún un kùn bí ọdún bá ti ń bọ̀. Ẹni tó bá ti rí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ti jó ní Kétu, ojú rẹ̀ á tètè mọ èyí.

Ohun mìíràn wà tí mo máa ń bi wọ́n, mi ò sì ní yé bèèrè: ṣé ẹni tó ni ín ló tà á? Àwa tí wọ́n ti jí ère ojúbọ wa gbé lọ sókè òkun mọ bó ṣe ń dunni. Wọ́n máa ń dá mi lóhùn ní kíkún. Oníjó á ti gbẹ́ tuntun kó tó yọ̀ǹda ògbólógbòó. Ìgbà kan wà tí wọ́n sọ fún mi pé ìdílé kan ò tíì fẹnu kò, wọ́n sì yọ ìbòjú náà kúrò lórí igbá. Inú mi dùn sí i.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ijó Diablos, ìyẹn ijó àwọn èṣù, láti Costa Chica, etíkun tó gba Guerrero àti Oaxaca kọjá. Àwọn ọmọ adúláwọ̀ ló ń jó o. Angola àti agbègbè Senegal ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Mẹ́síkò ti wá, nítorí náà kì í ṣe pé Yorùbá ló gbé ijó yìí débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òkú ọ̀run ṣe ń padà wá ní ìparí oṣù October títí di 2 November, tí àwọn Diablos ń jó láti ilé dé ilé ní Cuajinicuilapa àti àwọn abúlé tó yí i ká, ara ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Egúngún á bù máṣọ. Awọ tàbí páálí ni wọ́n fi ń ṣe ìbòjú wọn, irùngbọ̀n jẹ́ irun ẹṣin, ìwo wà lókè. Wọ́n ń ha egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bí ìlù, ìlù mìíràn tí wọ́n ń fi igi fà sì ń bú ramúramù. Ọdún 2019 ni òfin ńlá Mẹ́síkò tó dárúkọ àwọn èèyàn yìí, ìkànìyàn ọdún 2020 sì rí wọn ní mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ó lé. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń wá sílé mi rí wọn lára ògiri.

Ìbòjú ẹkùn ti Zitlala, ìlú kan ní Guerrero, náà wà ní gálárì yìí, awọ màlúù tó ki gan-an ni, torí wọ́n fi ń jà ni: okùn líle ni wọ́n ń fi na ara wọn ní oṣù May láti tọrọ òjò. Owó rẹ̀ ga ju agbára mi lọ.

Ní ti owó, èyí tí wọ́n ti jó máa ń wà láàárín $150 sí $400, wọn kì í sì í gba ìdúnàádúrà tó bẹ́ẹ̀. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni ìfiránṣẹ́. Owó rẹ̀ wọ́n, wọn kì í sì í ya àwòrán inú ìbòjú àyàfi tẹ́ ẹ bá bèèrè. Páálí kan dé ọ̀dọ̀ mi tí ìyẹ̀ igi ti kún ìsàlẹ̀ rẹ̀: kòkòrò ti ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí n fi ọ̀rá dì í pinpin, kí n gbé e sínú fírísà tó tutù dé ìwọ̀n Celsius 20 lábẹ́ òdo fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kòkòrò náà kú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Èyí tó bá ní ojú gíláàsì tàbí ọ̀dà tó nípọn, ẹ má gbé e sí fírísà láìbi amòye.

Wọ́n tún ń ta àpótí ìlú Olinalá tí wọ́n fi igi olóòórùn linaloe ṣe, tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ti ṣí i ni òórùn dídùn á gba yàrá, àti ìkòkò dúdú ìlú San Bartolo Coyotepec tí wọ́n fi òkúta ha títí tó fi ń dán. Ẹ má rọ omi sí i o, ó máa ń jò. Ère amọ̀ ayé àtijọ́ ò sí lórí igbá wọn, torí òfin ọdún 1972 sọ ọ́ di ti ìjọba, kò sì gbọdọ̀ jáde ní Mẹ́síkò. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ lọ̀ yín níbòmíràn, ẹ kọjá lọ.

Ìbòjú Parachico, ti àwọn oníjó ọdún ìlú Chiapa de Corzo, ni mo ń retí báyìí. Àwọn oníjó ibẹ̀ kì í fẹ́ tú tiwọn sílẹ̀, mo bá ní kí gálárì bá mi gbéṣẹ́ tuntun fún agbẹ́gilére kan. Igi kédárì ni, ọ̀dà dídán lójú. Ó ní kí n má retí rẹ̀ kó tó di 23 January tí ọdún wọn máa parí, torí ti àwọn tó máa jó lòun ń ṣe lọ́wọ́ ná. Mo ti san ìdajì owó.