Adágún Lanier ní Georgia: àgọ́, ọkọ̀ àti ẹja

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Atlanta àti àyíká rẹ̀ ló ti dé Lanier rí, àmọ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọba ni púpọ̀ wọn ń lọ. Wọ́n á sun ẹran, wọ́n á ya fọ́tò, ó di ilé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kò dáa láti lọ. Ní Sátidé inú oṣù keje, apá ìsàlẹ̀ adágún náà nítòsí dáàmù ò yàtọ̀ sí Ojúẹlẹ́gba nírọ̀lẹ́: ìgbì ọkọ̀ ńlá ń gbé ọkọ̀ kékeré sókè sódò, kò sí ààyè ìgbọ́kọ̀sí, ẹja náà sì ti wọ ibú lọ. Ẹ lọ láàárín Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀, ní oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún tàbí ìparí oṣù kẹsàn-án, ẹ ó rò pé omi míì ni.

Odò Chattahoochee ni wọ́n sé. Army Corps of Engineers, àwọn ẹ́ńjìnníà iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Dáàmù Buford ní 1950, wọ́n parí rẹ̀ ní 1956. Omi náà gbilẹ̀ tó nǹkan bí éékà 38,000, etí rẹ̀ sì lé ní máìlì 600, torí pé orí òkè àti àfonífojì ni omi bò, ó ya sí kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀. Bó bá kún bó ṣe yẹ nígbà ooru, ẹsẹ̀ bàtà 1,071 ló máa ń wà sókè ju ìpele òkun lọ. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn. Corps máa ń gbé ìwọ̀n omi jáde lójoojúmọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti fà wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí òkè abẹ́ omi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá lóṣù tó lọ lè ti súnmọ́ ojú omi tó láti fọ́ abẹ ẹ́ńjìnnì yín, ìyẹn propeller.

Ní ti àgọ́, ibùdó Corps la fara mọ́. Lanier Islands ní òtẹ́ẹ̀lì àti ọgbà omi, ó dáa fún ẹni tó fẹ́ ibùsùn rírọ̀ àti eré ọmọdé, ṣùgbọ́n owó ibẹ̀ ga, ariwo rẹ̀ náà ò kéré. Old Federal àti Van Pugh South wà lọ́wọ́ ọ̀nà I-985. Bald Ridge Creek àti Sawnee wà lọ́wọ́ Cumming, ọ̀nà 400 lẹ máa gbà. Duckett Mill àti Bolding Mill wà lókè lọ́hùn-ún, lọ́wọ́ Gainesville. Bí ẹja àti ìdákẹ́jẹ́ lẹ bá wá, Bolding Mill ni kí ẹ mú. Bó bá jẹ́ pé ọmọ kékeré wà lọ́wọ́ yín tí ẹ ò fẹ́ wakọ̀ jìnnà, ẹ mú Sawnee.

Recreation.gov lẹ ti máa gba ààyè, oṣù mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n sì ń ṣí i. Àwọn ààyè etí omi kì í pẹ́ kí wọ́n tó tán. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí àlàyé ààyè kọ̀ọ̀kan: ẹ wo gígùn ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀, ẹ wò ó bóyá iná rẹ̀ jẹ́ ampere 30 tàbí 50 bó bá jẹ́ ọkọ̀ onílé, ìyẹn RV, lẹ gbé, kí ẹ sì wo àwòrán bóyá ilẹ̀ rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ amọ̀ pupa. Òjò ọ̀sán tó máa ń rọ̀ pẹ̀lú àrá lóṣù keje àti oṣù kẹjọ ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Aṣíṣe tó wọ́pọ̀ ni kí tapólì tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ àgọ́ fẹ̀ ju àgọ́ lọ. Ṣe ni etí rẹ̀ tó yọ síta á máa gba omi òjò wọ abẹ́ ibùsùn. Ẹ ká a sínú, kó kéré ju àgọ́ lọ ní íǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin yí ká. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, ìdákẹ́jẹ́ lòfin wí, spíkà àti jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní pípa, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà kì í sì í gbójú fò ó. Ayẹyẹ ọjọ́ ìbí tó ní DJ, ẹ gbé e lọ ibòmíì.

Ọkọ̀ pontoon, èyí tó tẹ́jú tó sì ní àga yí ká, ni ẹbí sábà máa ń háyà ní àwọn èbúté. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ fi fóònù ya abẹ ẹ́ńjìnnì àti abẹ́ ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà bu ọgbẹ́ àtijọ́ mọ́ yín lọ́rùn, ẹ béèrè bóyá epo wà nínú owó háyà, kí ẹ sì ka life jacket lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe iye nìkan, ìwọ̀n náà ni: èyí tó bá àgbàlagbà mu á yọ kúrò lọ́rùn ọmọ ọdún márùn-ún tó bá já sómi. Ẹ di i mọ́ ọn lára, ẹ gbá èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú, kí ẹ fà á sókè. Bó bá kọjá àgbọ̀n ọmọ náà, ó tóbi. Òfin Georgia ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 wọ̀ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, ẹni tí wọ́n bá sì bí ní January 1, 1998 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣe ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ ojú omi kó tó di ìdarí mú.

Iye èèyàn tí ọkọ̀ lè gbé wà lára àwo kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí ohun tó ń kó pontoon sí wàhálà tó kí gbogbo èèyàn kó lọ síwájú láti ya fọ́tò, kí awakọ̀ wá dín eré kù lójijì: imú ọkọ̀ á tẹ̀ wọ inú ìgbì, omi á sì gba orí pákó wọlé. Ẹ jẹ́ kí ẹrù wúwo wà láàárín, kí ẹ sì dorí ọkọ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ gba orí ìgbì kọjá dípò kí ẹ kọjú sí i gbọọrọ. Bí ẹ bá ku ẹsẹ̀ bàtà 100 sí èbúté, ọkọ̀ tó dúró tàbí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́, eré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lòfin gbà.

Ẹ ti gbọ́ pé ẹ̀mí àìrí wà nínú adágún yìí, àwọn kan láàárín wa tilẹ̀ ti ń dárúkọ Yemọja. Ọ̀rọ̀ Oscarville, àdúgbò tí wọ́n máa ń so ìtàn yìí mọ́, ní òótọ́ nínú: ní 1912, wọ́n lé àwọn aláwọ̀ dúdú tó tó ẹgbẹ̀rún kan kúrò ní Forsyth County, apá kan ilẹ̀ yẹn sì wà lábẹ́ omi lónìí. Ìtàn tó yẹ ká sọ fọ́mọ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa èèyàn níbẹ̀ hàn gbangba. Ọtí ni, àìwọ life jacket ni, igi tí wọ́n fi sílẹ̀ lóòró nínú ibú ni, àti ilẹ̀ abẹ́ omi tó já lójijì: ẹni tí omi mu dé ìbàdí lè gbé ẹsẹ̀ méjì síwájú kó má rí ilẹ̀ tẹ̀ mọ́. Iná mànàmáná tó ń jò láti èbúté wọ inú omi náà ń pani, nítorí náà ẹ má lúwẹ̀ẹ́ níbi tí ẹ bá ti rí wáyà iná, bó ti wù kí omi ibẹ̀ mọ́ tó.

Ẹja ni Lanier fi lókìkí. Ẹni tó bá ti pé ọdún 16 ní láti gba láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀, orí ìkànnì Go Outdoors Georgia ni wọ́n ti ń rà á. Striper, ẹja ńlá abilà dúdú, ni gbogbo èèyàn ń lé. Ìjọba ló ń da ọmọ rẹ̀ sínú adágún, torí ẹyin rẹ̀ ní láti máa léfòó nínú odò tó ń ṣàn fún bí ọjọ́ méjì kó tó pa, Lanier ò sì ní odò tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Blueback herring, ẹja kékeré kan, tó wà láàyè ni ìjẹ rẹ̀, àtitọ́jú herring sì ni ìdajì iṣẹ́. Ìkòkò omi tí ẹ máa kó herring sí gbọ́dọ̀ rí róbótó, kí atẹ́gùn máa wọ inú omi rẹ̀, kí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Lóṣù keje, ẹ ju ìgò omi dídì sínú rẹ̀; ẹ má da yìnyín lásán sí i, oògùn inú omi ẹ̀rọ á pa wọ́n. Bí imú wọn bá ti ń pọ́n, tí ìpẹ́ ń léfòó lójú omi, wọn ò ní pẹ́ kú.

Nígbà ooru, òjé ounce méjì, swivel (irin kékeré tó ń yí kí okùn má baà lọ́), okùn fluorocarbon ẹsẹ̀ mẹ́rin tó lè gbé pọ́n-ùn 12, àti ìwọ̀ róbótó 1/0 tàbí 2/0 ló tó. Ẹ ki ìwọ̀ bọ ihò imú herring méjèèjì, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ tààrà sí ibi tí ẹ̀rọ ìwòsàlẹ̀ ti fi ẹja hàn. Ó sábà máa ń wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 30 sí 80, lókè orí àwọn igi abẹ́ omi. Ẹ dá a dúró ní ẹsẹ̀ díẹ̀ sókè ju ẹja lọ, torí òkè ló máa ń wò. Ẹja 15 ni òfin fún ẹnì kan lóòjọ́, méjì péré ló sì lè gùn tó íǹṣì 22 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ẹ bá fà jáde láti ibú nínú ooru kì í sábà yè bí ẹ bá dá a padà, ẹ mú èyí tí ẹ máa jẹ, kí ẹ sì dáwọ́ dúró.

Fún ọmọdé, ìwọ̀ kékeré nọ́ńbà 8, kọ́ọ̀kì àti ekòló ti tó láti mú bream ní etí ibùdó àgọ́. Catfish tí a máa fi se pẹ́pẹ́súùpù, alẹ́ ni kí ẹ wá a: ẹ̀dọ̀ adìẹ, òjé tó kanlẹ̀, ibi tí odò kékeré ti wọ adágún. Crappie ń kó jọ lábẹ́ èbúté àti afárá lóṣù kẹta àti oṣù kẹrin.

Lábẹ́ dáàmù, ọ̀tọ̀ lòfin, ọ̀tọ̀ sì lomi. Ìsàlẹ̀ ibú ni omi yẹn ti ń jáde, ó tutù nini tọdún tòṣù, ẹja trout ló wà níbẹ̀, láísẹ́ǹsì trout sì ní láti kún ti àkọ́kọ́. Láti ẹsẹ̀ dáàmù dé afárá Highway 20, gbogbo ẹni tó bá wà nínú omi tàbí lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ life jacket. Tí wọ́n bá fẹ́ tú omi sílẹ̀ láti fi ṣe iná mànàmáná, fèrè á dún, odò á sì kún láàárín ìṣẹ́jú. Ẹ wo àkókò ìtúmi tí Corps kéde ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Bí fèrè bá dún tí ẹ wà láàárín odò, ẹ fi ọ̀pá àti ẹja sílẹ̀, ẹ gba etí bèbè tó súnmọ́ yín jù, ì báà jẹ́ pé òdìkejì ni ọkọ̀ yín wà.